Ṣé Ó Ṣojú Ẹ?

"Mo mọ̀ pé pèrègún yẹn ni ààlà. Bàbá mi ló gbìn ín."

Ohun tí mo sọ nìyẹn ní pálọ̀ olórí ẹbí wa nínú oṣù Kẹfà ọdún 2022. Àwọn àgbà mẹ́fà jókòó, àwa ọmọ olóògbé wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn tí oko wọn bá tiwa pààlà wà lọ́wọ́ òsì. Oko kòkó ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìjerò-Èkìtì. Àwọn àbúrò mi ló ní kí n bá wọn sọ̀rọ̀, torí pé èmi ni mo kàwé jù nínú wa, ọ̀rọ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ mi. Fìlọ́sọ́fì èdè ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì: kí là ń pè ní ìtumọ̀, báwo ni orúkọ ṣe so mọ́ ohun tó ń jẹ́ ẹ, kí lèèyàn ń ṣe nígbà tó bá la ẹnu sọ̀rọ̀.

Bàbá kan tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

"Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn ín, ṣé ó ṣojú ẹ?"

"Rárá, bàbá. Ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ."

"A jẹ́ pé o gbọ́ ni. Má sọ níbí pé o mọ̀. Sọ pé o gbọ́, a ó sì gbà á bí ohun téèyàn gbọ́."

Kò gbóhùn sókè, kò sì fi mí ṣẹ̀sín. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọ́ ọmọ tirẹ̀ sọ́nà. Ṣùgbọ́n ara mi gbóná láti orí dé ẹsẹ̀. Ohun tó sọ yẹn wà nínú ìwé kan tí mo ti kà ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, tí mo ti dáhùn ìbéèrè lé lórí nínú ìdánwò, tí mo sì fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́dọọdún. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà Èkìtì gan-an ni wọ́n ti ṣe ìwádìí inú ìwé náà. Kò yé mi rí, àfi ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí ná.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí a bá ń lọ sóko ní ìdájí, ó máa ń nàka sí ìràwọ̀ ńlá kan tó ń tàn lápá ìlà oòrùn, á ní ìràwọ̀ òwúrọ̀ nìyẹn. Ní àwọn oṣù mìíràn, bí a bá ń darí bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òmíràn á ti yọ lápá ìwọ̀ oòrùn, á ní àgùàlà nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní ajá òṣùpá nítorí pé ó máa ń bá òṣùpá rìn. Méjì ni mo kà wọ́n sí. Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni olùkọ́ wa kọ orúkọ Gottlob Frege sára pátákó, ará Jámánì kan tó kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1892. Ìràwọ̀ òwúrọ̀ àti ìràwọ̀ ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan náà ni wọ́n, Venus ni. Bí orúkọ méjèèjì bá ń tọ́ka sí nǹkan kan ṣoṣo, kí ló dé tí ẹni tó gbọ́ pé "àgùàlà ni àgùàlà" kò rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀, tí ẹni tó gbọ́ pé "ìràwọ̀ òwúrọ̀ ni àgùàlà" sì kọ́ ohun ńlá? Frege dáhùn pé yàtọ̀ sí ohun tí orúkọ ń tọ́ka sí, ọ̀nà tí orúkọ náà gbà fi nǹkan ọ̀hún hàn wá tún wà lọ́tọ̀. Nínú kíláàsì yẹn, ọ̀nà oko ni mo ń rí, ìrì lára koríko, àti ìka bàbá mi.

Nígbà tí mo wálé ìsinmi, mo sọ fún un pé ìràwọ̀ kan náà ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ta ló rí i pé ọ̀kan ni?" Mo ní ó wà nínú ìwé. Ó mi orí, ó sì padà sídìí àdá tó ń pọ́n. Mo rò pé kò gbà mí gbọ́ ni.

Àwọn ẹbí fẹ́ kí n ka òfin. Ẹni tó kì mí láyà tí mo fi dúró sídìí fìlọ́sọ́fì ni Sophie Oluwole, ọmọ Ìgbàrà-Òkè, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Èkìtì. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú fìlọ́sọ́fì ní Nàìjíríà. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, kò sì yé tẹnu mọ́ ọn títí tó fi ṣaláìsí nínú oṣù Kejìlá 2018 pé fìlọ́sọ́fì gidi ló wà nínú Ifá, pé kò sí ìdí tí Ọ̀rúnmìlà kò fi lè jókòó ti Socrates, àgbà onífìlọ́sọ́fì ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́. N kò gba gbogbo ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n fún ọmọbìnrin àgbẹ̀ láti Èkìtì, pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wà láyé tó mi.

Orúkọ ènìyàn ni mo fi ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé mi. John Stuart Mill, onífìlọ́sọ́fì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, ti sọ láti 1843 pé orúkọ kàn ń tọ́ka sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ ni, kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àpẹẹrẹ tó mú ni ìlú Dartmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ ẹnu odò Dart: bí odò náà bá tilẹ̀ ṣẹ́rí gba ibòmíràn, Dartmouth ni ìlú á ṣì máa jẹ́. Saul Kripke, ará Amẹ́ríkà, tún gbé irú èrò yìí dìde nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ní Yunifásítì Princeton ní 1970, gbogbo wa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí la sì ń dá a lóhùn títí dòní. Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé Èkìtì. Ká ní ìyá ìyá ọmọ wà láàyè, ìyá bàbá rẹ̀ náà wà, kí ẹnì kan wá sọ ọmọ náà ní Ìyábọ̀. Àwọn àgbà kò ní sọ pé orúkọ lásán ni. Wọ́n á bi í pé ìyá wo ló lọ tó fi bọ̀? Orúkọ tiwa ń tọ́ka, ó sì tún ń sọ̀rọ̀, ẹni tó sọ ọ́ sì lè jẹ̀bi ohun tó sọ. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ ìyẹn, mo sì bí ọmọ méjì láàárín rẹ̀.

Nígbà tí mo gba oyè náà, àwọn ìyá àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í mú orúnkún tó ń dùn wọ́n wá bá mi, wọ́n ti gbọ́ pé mo di dókítà. Bàbá mi ló máa ń ṣàlàyé fún wọn: "Dókítà ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó bá ń ṣàìsàn ló ń wò." Mo fẹ́ràn àlàyé yẹn ju gbogbo èyí tí mo ti rí kà lọ.

Ìwé ìdánwò ọ̀ọ́dúnrún ní ọ̀sẹ̀ méjì, kíláàsì tí àga kò tó, ìpàdé tí kò ní òpin, n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ohun tó dùn mí jù ni mo fẹ́ sọ. Mo fi àpilẹ̀kọ mi lórí orúkọ ránṣẹ́ sí àwọn kan lókè òkun tó ń tẹ ìwé ìmọ̀ jáde. Ẹni tó bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kọ̀wé pé àwọn àpẹẹrẹ Yorùbá mi yóò wúlò fún àwọn tó ń ṣèwádìí àṣà, àmọ́ kì í ṣe fìlọ́sọ́fì. Mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo ṣe ohun tí n kò ní jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi kankan ṣe láé: mo ṣa Yorùbá kúrò nínú iṣẹ́ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà téèyàn ń ṣa èpò. Mo fi Lọ́ńdọ̀nù rọ́pò Adó, mo fi orúkọ àwọn ará Róòmù rọ́pò Ìyábọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Ó sọ mí di olùkọ́ àgbà. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nílé, mo ń sọ ulé, mo ń sọ usu, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbi tí wọ́n bí mi sí. Nínú ohun tí mo ń kọ, n kò tilẹ̀ dárúkọ ilé tàbí iṣu mọ́.

Nínú oṣù Kejì 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì gùn tó oṣù mẹ́jọ. Owó oṣù dúró. Mo padà sí oko bàbá mi, tó ti ṣaláìsí ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, mo gbin àgbàdo àti ẹ̀fọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ààlà ti bá mi.

Lẹ́yìn tí bàbá àgbà náà ti tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, wọ́n bi gbogbo ìjókòó bóyá ó ṣojú ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbàlagbà kan dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn, opó ọ̀rẹ́ bàbá mi. Kì í ṣe ẹbí wa, kì í ṣe ẹbí wọn. Ó fi ọwọ́ kan ti ògiri.

"Ó ṣojú mi. Èmi ni mo ru ẹ̀ka pèrègún náà dé oko. Igi ìyeyè ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, iná ẹ̀ẹ̀rùn ló jó o. Nígbà tí ọkọ mi àti bàbá wọn débẹ̀, eérú ni wọ́n bá, wọ́n wá fojú díwọ̀n ibi tí wọ́n máa gbìn ín sí. Ọkọ mi ní ó dà bíi pé ó ti wọnú ilẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Bàbá wọn ní bí òjò bá dé àwọn á tún un gbìn. Òjò dé, àìsàn dá ọkọ mi wó, wọn ò rántí mọ́."

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Lọ́jọ́ kejì a bá a lọ sóko. Ó rìn díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó wo òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó tún rìn. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀. Àbúrò mi fi ọkọ́ ro ewé kòkó tó ti jẹrà kúrò, ó bá kùkùté kan níbẹ̀, ìdí rẹ̀ dúdú bí èédú. Ìlà kòkó mẹ́rin ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Ẹ wò ó, bí àwọn àgbà yẹn bá ti gba "mo mọ̀" tí mo sọ, ohun olóhun ni ǹ bá fi ẹnu mi mú, pẹ̀lú orúkọ bàbá mi tí kò fìgbà kan fẹ́ jẹ ohun ẹlẹ́ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo wá ìwé yẹn jáde nínú àpótí. Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà, àti J. Olubi Sodipo ló kọ ọ́, láti inú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì tó wà ní Ifẹ̀. Ó jáde ní 1986. Iyèméjì kan tí W. V. O. Quine, onífìlọ́sọ́fì ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1960 ló bí i. Quine ní kí a ro àlejò kan wò tó dé àárín àwọn tí kò gbọ́ èdè wọn rí. Ehoro sáré kọjá, ọmọ ilẹ̀ náà ní "gavagai". Bó ti wù kí àlejò náà wádìí tó, ọ̀nà tó lè gbà túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn kò ní yé ju ẹyọ kan lọ. Hallen àti Sodipo wá bi ara wọn pé, ta ló fi dá wa lójú pé mọ̀ ni know, pé gbàgbọ́ ni believe? Wọ́n lọ bá àwọn oníṣègùn ní Èkìtì, wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lo àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n mú bọ̀ ni pé ìwé atúmọ̀ èdè ń ṣì wá lọ́nà. Ohun tó bá ṣojú ènìyàn, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni àwọn àgbà yẹn ń pè ní ìmọ̀. Èyí tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tó sì gbà, ìgbàgbọ́ ni. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lè jókòó sí yàrá rẹ̀ kó ní òun know ọjọ́ tí ogun kan parí, torí pé ó kà á. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, gbígbọ́ nìyẹn. Quine fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ẹ̀dà ìwé náà tó jáde ní 1997.

Mo kà á títí fìtílà fi fẹ́ kú. Ìbéèrè bàbá mi padà wá sí mi létí, bó ṣe dún lọ́jọ́ yẹn nídìí àdá: ta ló rí i pé ọ̀kan ni? Kò ṣiyèméjì nípa mi. Ó ń bi mí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tẹ̀wọ̀n tó.

Síbẹ̀ n kò rò pé ojú nìkan ló ni ọ̀rọ̀ náà, àríyànjiyàn mi pẹ̀lú ìwé yẹn sì ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí. Mo mọ̀ pé ìyá mi ló bí mi. Kò ṣojú mi ní ọ̀nà tí mo lè rántí, ṣùgbọ́n bí mo bá dúró níwájú ìyá mi tí mo ní "mo gbàgbọ́ pé ẹ̀yin lẹ bí mi", àbùkù ni mo fi kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà la ń pòwe pé ọ̀mọ̀ràn ní í mọ oyún ìgbín. Inú ìkarawun ni oyún ìgbín wà. Ojú ta ló tó o?

Ẹni tó tan iná sí i fún mi ni J. L. Austin, onífìlọ́sọ́fì ní Yunifásítì Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 1946, ó ní ẹni tó bá sọ pé òun mọ̀ ń ṣe ohun tó jọ ìlérí: ó ń fún ẹlòmíràn ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé kó fara tì í. Nígbà tí mo tún un kà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn, mo rí i pé a ní orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Onídùúró ni. Ẹni tó ní òun mọ̀ ti dúró fún ọ̀rọ̀ náà, àwọn tó ń gbọ́ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í ohun tó fi ń dúró. Nínú ilé, láàárín èmi àti ìyá mi, ìfẹ́ àti ìgbésí ayé tí a jọ gbé ló ń ṣe onídùúró. Níbi tí ilẹ̀ ẹlòmíràn bá wà lórí ẹní, ojú nìkan ni wọ́n ń gbà, torí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Mọ̀ kan náà ni. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́ ló ń yí padà.

Nígbà tí a wọlé padà nínú oṣù Kẹwàá, mo yí bí mo ṣe ń kọ́ni padà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi ọkọ̀ òkun tí wọ́n ń sọ lórúkọ ṣàlàyé ohun tí Austin sọ nípa ọ̀rọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́. Ní báyìí, ìsọmọlórúkọ la fi ń bẹ̀rẹ̀: oyin, iyọ̀, orógbó, obì, ataare, àti ìbéèrè pé bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá gbé ìkókó náà tó sì pe orúkọ sí i létí, ṣé ọmọ ti lórúkọ? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì máa ń bá ara wọn jiyàn dé ẹnu ọ̀nà.

Mo tún ní kí wọ́n máa lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń lò ó. Ọ̀kan nínú wọn mú ohùn tó gbà sórí fóònù wá, ìjà obìnrin méjì tó ń ta ata ní Ọjà Ọba ní Adó. Ó ti gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì lẹ́yìn tí ìjà parí. Ọ̀kan ń pariwo pé, "Mo mọ̀ pé ìwọ lo gbé e! Mo mọ̀!" Ó wí i tó ìgbà márùn-ún. Ohùn ìyálọ́jà wá dé, ó kí wọn, ó ní kí wọ́n ro ẹjọ́. Obìnrin kan náà, ẹnu kan náà, ó wá ń sọ pé, "Ìyá, wọ́n ní òun ni wọ́n rí nídìí apẹ̀rẹ̀ mi." Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Bí ìyálọ́jà ṣe jókòó báyìí, ó ti gbé mọ̀ kalẹ̀. Mo gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, inú mi sì dùn ju ọjọ́ tí mo gba oyè lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti ń fi iṣẹ́ náà ṣe ìwé àṣekágbá rẹ̀.

Mo ti tún àpilẹ̀kọ tèmi kọ. Yorùbá ló wà níwájú báyìí, Mill àti Kripke ń tẹ̀lé e. Mo ti fi ránṣẹ́, wọn ò tíì fèsì.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé ẹjọ́ yẹn, àwọn ẹbí kejì ránṣẹ́ pé kí a wá jọ gbin pèrègún tuntun síbi kùkùté ìyeyè. Mo mú àbíkẹ́yìn mi dání, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ ọlọ́mọ kan láti ọ̀dọ̀ tiwọn náà wà níbẹ̀, ọmọkùnrin, wọn ò ju ara wọn lọ. Bàbá tó bi mí léèrè nígbà yẹn wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ méjèèjì di ẹ̀ka náà mú kó dúró ṣánṣán, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn. Ẹrẹ̀ bò wọ́n dé kókósẹ̀. Ó pe ọmọ mi, ó bi í lórúkọ, ọmọ dá a lóhùn. Ó fi ọ̀pá nàka sí ìdí pèrègún.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, bàbá."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

Ọmọkùnrin yẹn ní òun rí i.